Bíà tí awọ funfun bò lójú: ẹ má tíì rọ ọ́ sígò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ẹ ṣí ike tí ẹ fi ń pọn bíà nílé, ẹ rí awọ funfun tó bo ojú rẹ̀, òórùn kíkan sì ń jáde, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ tètè rọ ọ́ sígò kó tó bàjẹ́ tán, àbí kí ẹ dà á nù. Ẹ má rọ ọ́ sígò o. Ẹ jọ̀ọ́. Kí ẹ dà á nù sàn ju kí ẹ rọ ọ́ sígò báyìí.

Irú awọ yẹn gan-an ni mo rí nígbà kan. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní amòye bíà, àwọn tó máa ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje. Kò tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní yíìsì lásán ni, kí n rọ ọ́, kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo ló fẹ́ balẹ̀? Òru ọjọ́ kan ni ìgò àkọ́kọ́ bú gbàù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. A rò pé olè ló ń fọ́ fèrèsé. Kí á tó tanná, òmíràn ti bú, ó fọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà fọ́ tẹ̀lé e. Àfọ́kù kan gún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó há síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ọmọ ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí mo padà bi amòye wa, ó ní ṣúgà tí mo fi sí ìgò ló pọ̀ jù. Irọ́ ni. Orí òṣùwọ̀n ni mo ti wọn ṣúgà yẹn.

Ohun tó fà á nìyí, torí wọn kì í fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Yíìsì bíà lásán kò lè jẹ gbogbo ṣúgà inú omi ọkà tí a fi ń pọn bíà. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n yíìsì ẹhànnà bíi Brettanomyces lè jẹ èyí tó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ náà ni irú kan tí wọ́n ń pè ní diastaticus. Wọn kì í kánjú. Wọ́n lè máa jẹ ẹ́ lọ fún oṣù mélòó kan, gáàsì á sì máa jáde. Nínú ike tó ní ọ̀nà àtẹ́gùn, gáàsì rí ibi gbà. Nínú ìgò tí ẹ ti dé pa, ibo ni kó gbà? Haidrómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí ṣúgà tó ṣẹ́kù nínú bíà ṣe pọ̀ tó (bí ṣúgà bá ṣe ń tán ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wálẹ̀), ka 1.012 nígbà tí mo rọ bíà yẹn. Nínú àwọn ìgò tí kò bú, 1.002 ni mo bá. Bó bá wálẹ̀ láti 1.012 sí 1.008 péré lẹ́yìn tí ẹ dé ìgò, gáàsì tó máa fi kún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo èyí tó yẹ kó wà nínú ìgò bíà. Ẹ wá fojú inú wo tèmi.

Ẹ ò bi mí léyìí, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti rọ tirẹ̀ tó sì ń rí i tó ń hó jáde tí wọ́n bá ṣí i: ẹ gbé gbogbo ìgò sí fíríìjì, kí wọ́n tutù dáadáa. Ẹ wọ awò ojú, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti aṣọ alápá gígùn kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ fi táwẹ̀lì bo ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra gbé ìdérí sókè díẹ̀ kí gáàsì jáde. Ẹ má ju ìgò tí ẹ kò tíì ṣí sínú ìdọ̀tí, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí kò ṣẹ̀ yín.

Ẹni tó ta irinṣẹ́ fún mi náà tún nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ráhùn, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ irinṣẹ́, èyí tó lágbára jù, ló máa ń tà fún mi. Ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ike ni kòkòrò wà! Ó ní kò ṣeé tú. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó tú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìpẹtà. Oògùn kì í ràn níbi tí ìdọ̀tí bá wà: ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ ná. Ẹ má sì po bílíìṣì mọ́ fínígà tàbí ásíìdì kankan láé, gáàsì olóró ni yóò jáde.

Ti awọ yín: bó bá hurun, tàbí tó ní àwọ̀ ewé, dúdú tàbí pupa, ó ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò. Bó bá funfun, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí gáàsì sì wú u sókè káàkiri, kòkòrò mìíràn ti wọ bíà ni. Bó bá ń rùn bíi fínígà, Acetobacter ni, bakitéríà tó ń sọ ọtí di fínígà; afẹ́fẹ́ ló fi ń gbèrú, nítorí náà ẹ yé ṣí ìdérí wò. Bó bá ń fà yọ̀ọ̀, Pediococcus, bakitéríà mìíràn tó ń mú bíà kan, ni mo fura sí. Ọtí tó wà nínú bíà, họ́ọ̀pù (òdòdó kíkorò tí a fi ń se bíà) àti kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn gbèrú níbẹ̀, nítorí náà ẹ lè tọ́ èyí tí kò bu wò díẹ̀. Bí adùn rẹ̀ kò bá burú, ẹ fi sílẹ̀ nínú ike títí haidrómítà kò fi ní yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ẹ tó ronú kan ìgò. Rọ́bà tí ẹ fi ń rọ bíà, ẹnu ẹ̀rọ àti òrùka rọ́bà rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn. Ike tí nǹkan ti ha lára, ẹ má fi pọn bíà tí ẹ kò fẹ́ kó kan mọ́.

Ẹ tilẹ̀ ò sọ ohun tí haidrómítà kà. Eélòó ni, ìgbà wo lẹ sì wọ̀n ọ́ gbẹ̀yìn?