"Ọmú nìkan" tí nọ́ọ̀sì wí, ṣé omi wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹta rèé tí mo bímọ ní Ìkẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún ọmọ ní "ọmú nìkan", "nígbàkúùgbà tó bá fẹ́", kí n má sì da colostrum nù. Ìyá ọkọ mi ní omi tó pọ́n yẹn ti bàjẹ́, kí n fún un dànù, kí n sì máa fọ́mọ lómi díẹ̀díẹ̀ nítorí ooru. Kí ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá ọmọ tuntun. Omi tó pọ́n, tó ki yẹn ni colostrum. Kò bàjẹ́ rárá. Ọmú àkọ́kọ́ ni, ó sì kún fún ohun tó ń bá ọmọ gbógun ti àìsàn. Ó lè kéré lójú, àmọ́ ikùn ọmọ náà kéré. Bí ẹ bá ti fún díẹ̀ dànù, ẹ má banújẹ́, ẹ gbé ọmọ sọ́mú báyìí.

Ọ̀rọ̀ "nìkan" ló ń dùn mí jù. Nílé wa ní Èkìtì, omi kì í ṣe oúnjẹ. Ìyá á ní ọmú nìkan lòun ń fọ́mọ, ife omi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n "nìkan" ti nọ́ọ̀sì yọ omi kúrò, ó yọ àgbo, omi ògì àti glucose kúrò, títí oṣù 6 á fi pé. Òògùn tí dókítà bá kọ nìkan ló lè bá a rìn. Bí a bá pín ọmú sí ọ̀nà 100, bíi 87 ló jẹ́ omi. Bí ooru bá mú, ẹ tún gbé e sọ́mú. Bí omi bá yó o, kò ní mu ọmú tó, ọmú tí ọmọ kò sì mu, kì í wá dáadáa. Omi tí kò mọ́ sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ rọra bẹ Màmá, kí wọ́n bá yín bu omi yẹn, kí ẹ̀yin mu ún.

"Nígbàkúùgbà tó bá fẹ́" kì í ṣe pé kẹ́ ẹ dúró dìgbà tó bá ké. Bó bá ń yí orí kiri, tó ń kó ọwọ́ sẹ́nu, ebi ti dé. Ó máa ń tó ìgbà 8 sí 12 tọ̀sán-tòru.

Láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kó máa tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń sùn ṣáá tí kò mu ọmú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.