Mọ́tò tí mi ò tíì tún tán, báwo ni kí n ṣe tà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní MGB 1967 kan, mọ́tò kékeré eléré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mò ń tún ṣe, mo ti yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, V8, ìyẹn ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, ni mo fẹ́ fi sí i, àmọ́ agbára ò gbé e mọ́. Ṣé kí n tú u tà ní páàtì páàtì ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ má tú u o, àyàfi tí bọ́dì bá ti dógùn-ún kọjá àtúnṣe. V8 yẹn gan-an ò burú, torí ilé iṣẹ́ MG fúnra wọn ṣe MGB GT tó ní V8 láàárín 1973 sí 1976, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 1798cc tẹ́ ẹ yọ yẹn, ẹ fi kún mọ́tò náà tẹ́ ẹ bá ń tà á o, ẹlòmíì lè fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásí bóyá ó bá ìwé ọkọ̀ mu, ẹ kó nọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá kí ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹ sì ya fọ́tò ibi tó ti dógùn-ún náà, ẹ má fi pamọ́ rárá. Owó tẹ́ ẹ ti ná ò lè wọlé tán, ó dùn mí láti sọ ọ́, torí iṣẹ́ tó ṣẹ́kù lẹni tó fẹ́ rà á máa yọ kúrò nínú owó.