Èsì: Ibi tí gìtá "Cape Cod Kwassa Kwassa" ti wá

Ẹ béèrè bóyá South Africa ni Vampire Weekend, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà, ti mú ìró gìtá "Cape Cod Kwassa Kwassa", orin wọn ti 2008. Rárá o, Kóńgò ni. Ijó tó gbòde ní Kinshasa ní àwọn ọdún 1980 ni kwassa kwassa: ìbàdí ń lọ síwájú sẹ́yìn, ọwọ́ ń tẹ̀lé e. Soukous, orin ijó Kóńgò tí gìtá ń darí, ni wọ́n ń jó o sí. Ẹ tẹ́tí sí gìtá yẹn dáadáa, ẹyọ ẹyọ ló ń ta okùn lókè, ohùn kan náà ló sì ń yí po. Ó dùn mọ́ mi gan-an! Àmọ́ ti Kóńgò yá jù ú lọ. Tí wọ́n bá dé ibi tí akọrin ti máa ń dákẹ́ fún onígìtá, ta ló máa jókòó? Ẹ gbọ́ Kanda Bongo Man, olórin soukous ará Kóńgò, ẹ ó rí i.