Ṣé ọmọdé lè lúwẹ̀ẹ́ ní Bouche du Roy?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Bouche du Roy, nítòsí Grand-Popo ní Benin, lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní kò sí ilé ńláńlá, kò sí ariwo. Ṣé àwọn ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Kí la máa gbé dání?

Ìdáhùn: Ẹ kú ètò o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti omi: rárá o. Èmi tí mò ń fọkọ̀ kó àlejò débẹ̀, mi ò kí ń jẹ́ kí àgbà tó mọ omi dunjú wọ ẹnu ibẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọmọdé.

Ibẹ̀ ni odò Mono àti omi adágún Ahémé ti ń bọ́ sínú òkun. Bí òkun bá ti ń fà, omi ọ̀sà á rọ́ gba ẹnu tóóró yẹn jáde. Ojú omi lè tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ń gbéèyàn lọ. Ẹnu náà kì í dúró sójú kan: òkun ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ibi téèyàn fẹsẹ̀ rìn lésìí lè ti di ibú. Kí àwọn ọmọ ṣeré létí ọ̀sà, jìnnà sí ẹnu òkun, kí omi má kọjá orúnkún wọn, kí àgbà kan sì dúró tì wọ́n.

Oṣù Kejìlá dáa, ìkún omi Mono ti máa ń lọ sílẹ̀ nígbà náà. Àsìkò yẹn náà ni ahun òkun ń gòkè wá yé lóru. Láàárọ̀, ẹ lè rí ipa rẹ̀ lórí iyanrìn, bí ìgbà tí táyà katakata kọjá. Ẹ má tẹ ibẹ̀, ẹ má sì tan iná fóònù lálẹ́: ọmọ ahun tó bá rí iná á kẹ̀yìn sí òkun.

Àwọn igi etí omi kan wà tí wọ́n fi sábẹ́ ìṣọ́ Zangbeto, eégún àwọn Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Ẹ má ṣẹ́ ẹ̀ka wọn. (Ẹni tó bá ti gbé Badagry rí kò nílò àlàyé.)

Ẹ mú omi mímu, fìlà, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, àti owó CFA wẹ́wẹ́. Ẹ lè fi ra iyọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń sè é. Ẹ wá láífù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ọmọ mu, ti àgbà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Kí ẹ sì dúnàádúrà owó àlọ àtàbọ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.