Iye àpò fùláwà tó yẹ kó wà ní sítọ́ọ̀ ilé búrẹ́dì

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ilé búrẹ́dì kékeré lè jáwọ́ nínú kíkó 100 àpò fùláwà jọ lẹ́ẹ̀kan: ó ṣeé ṣe, ẹ kàn má fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo ohun tó wà ní sítọ́ọ̀.

Fùláwà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gbé owó yín dání jù. Ẹ kọ iye tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ká ní àpò 6 oní 50kg ni, tí ọjà sì ń gba ọjọ́ 3 kó tó dé nígbà tó bá pẹ́ jù: 6 lọ́nà 3 jẹ́ 18, ẹ fi àpò 6 ti ọjọ́ kan lé e, ó di 24. Bó bá ti ku 24, ẹ pe ẹni tó ń tà fún yín. Ọjọ́ tó ṣèlérí kọ́ ni kí ẹ fi ṣírò o. Iye ọjọ́ tó pẹ́ jù tó ti fi gbé e dé rí ni. Àṣìṣe yìí gan-an ló ń jẹ́ kí ààrò tutù ní ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì.

Ẹ to 24 náà sọ́tọ̀ lórí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ gbé páálí pupa kan lé e, kí ẹ kọ iye àpò tí ẹ fẹ́ rà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fa àkọ́kọ́ nínú wọn gbọ́dọ̀ mú páálí náà lọ fún ẹni tó ń rajà ná. Irú káàdì yìí ni Toyota ń pè ní kanban ní Japan. Bí tuntun bá dé, ìyókù ti àtijọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ lò tán. 24 nínú tuntun ni yóò bọ́ sábẹ́ páálí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn àpò kan náà ni yóò máa jókòó síbẹ̀ títí kòkòrò yóò fi wọ̀ wọ́n.

Yíìsì yàtọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, iṣẹ́ dúró pátápátá. Ẹ má ṣahun níbẹ̀, ẹ tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ 3. Ọ̀rinrin ló ń pa á: èyí tí ẹ bá ti tú, inú ike olómorí nínú fíríìjì ni kó wà.

Ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ yín sí, atẹ̀wé kì í tẹ díẹ̀, torí náà iye tó kéré jù tó bá gbà ni ẹ ó rà. Ẹ má yí àwòrán ara rẹ̀ padà kí ti tẹ́lẹ̀ tó tán.

Wọ́n á ní fùláwà ń wọ́n sí i, kí ẹ rà á pamọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ owó yíyá ní èlé 4% lóṣù, àfi tó bá dá yín lójú pé yóò fi ju 4% wọ́n sí i lóṣù náà, ká má tíì sọ ti èyí tí omi àti eku máa bà jẹ́.

Ẹ máa fọwọ́ ka àpò ní gbogbo Sátidé. Bí ìwé bá ní 30, tí ẹ sì bá 27, àpò tí wọ́n tú lóru láì kọ ọ́ sílẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ so ìwé náà mọ́ ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ kí àpò tó jáde.