Ṣé kí n yọ ìran méjì yìí kúrò nínú fíìmù mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Fíìmù Yorùbá ni mo fẹ́ gbé jáde, lórí alága káńsù kan tó kówó ọjà jẹ. Ẹni tó fẹ́ fowó sí i ní àfi kí n yọ ìran méjì kúrò, kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò má baà dá wa dúró. Ṣé òótọ́ ni pé irú ìgékúrò bẹ́ẹ̀ máa ń ba iṣẹ́ ọnà jẹ́, àbí agídí ni mò ń ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kì í ṣe agídí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ẹ ń sá fún kò tíì rí iṣẹ́ rẹ. Olówó yín ló ń bá wọn bẹ̀rù sílẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí mò ń ṣe fáwọn òṣèré, ohun tí mo ti rí tí ìbẹ̀rù gé pọ̀ ju èyí tí òfin gé lọ. Èyí tí ìjọba bá fòfin dè, ariwo rẹ̀ á ta. Èyí tí o bá fọwọ́ ara rẹ pa rẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà rí?

Wo Hubert Ògúǹdé. Ní 1964 ó ṣe eré orí ìtàgé kan, Yorùbá Ronú, ìtàn ọba tí igbákejì rẹ̀ bá ọ̀tá dìmọ̀ láti dà á. Kò dárúkọ olóṣèlú kankan, síbẹ̀ ìjọba Akíntọ́lá, olórí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, mọ̀ pé àwọn ni òwe náà ń bá wí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó di 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, kí wọ́n tó fagi lé ìfòfindè náà. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí sọ pé ìfòfindè ló ń pọ́n ọnà mú. Èmi ò gbà. Ògúǹdé ti lo nǹkan bí ogún ọdún lórí ìtàgé nígbà náà, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ kékeré tí kò bá lè ṣeré n'Íbàdàn àti Abẹ́òkúta fún ọdún méjì, títúká ni yóò túká, a ò sì ní gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé kò yẹ ká dí ọ̀kọrin lẹ́nu, wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Lóru Ẹ̀fẹ̀, òru orin tó ń ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, ọ̀kọrin lè fi orin na ìjòyè lójú gbogbo ayé, kí ilẹ̀ mọ́ láìsí ẹjọ́.

Ní ti òfin: èyí tó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní 1993 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta fíìmù tàbí fi í han aráàlú láìgba ìwé àṣẹ. Má tàpá sí i. Bí wọ́n bá kọ 18 sára fíìmù rẹ, pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún má wò ó, ìyẹn kì í ṣe ìgékúrò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ààlà pàtó nínú òfin náà, bíi ààbò orílẹ̀-èdè àti ìwà ọmọlúwàbí, tí olúkúlùkù lè fà síbi tó wù ú. Ṣùgbọ́n kò síbi tó ti ní alága kò gbọdọ̀ jalè nínú eré.

Nítorí náà, ya gbogbo rẹ̀. Má lo orúkọ alága tàbí káńsù tó wà lóòótọ́. Ìbanilórúkọjẹ́ nìyẹn, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Gbé fíìmù náà lọ lódindi. Bí wọ́n bá ní kí o gé nǹkan, ní kí wọ́n kọ ìran náà àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí o gbé e wá. Kí o tó lọ, fi pẹ̀lẹ́ bi olówó yín bóyá alága kan wà lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.