Orúkọ Bàbá Rẹ Ńkọ́? Èsì sí Àwọn Ìbéèrè Yín Lórí Íńdíà

Látìgbà tí mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ lójú ìwé yìí pé ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi gbé ní Pune, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ìbéèrè ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ẹ ṣé o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ pátá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n bá yín wá nọ́ńbà òṣèré fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ìkankan nínú wọn. Márùn-ún ni mo mú nínú èyí tó kù.

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Fíìmù Íńdíà ni mo fi dàgbà. Ṣé èdè Íńdíà yẹn le láti kọ́? — Tẹ́lọ̀ kan, Òṣogbo*

Èwo nínú ẹ̀? Bí ẹni ń béèrè pé ṣé èdè Nàìjíríà le ni. Hindi lẹ̀ ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù yẹn, ìlú Mumbai ni wọ́n sì ti ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ Marathi lèdè ìpínlẹ̀ tí Mumbai wà. Èdè 22 ló wà nínú ìwé òfin wọn, tẹ́ ẹ bá sì mú owó bébà wọn kan dání, èdè 17 ni wọ́n fi kọ iye tó jẹ́ sára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe eré níbẹ̀ o. Lọ́dún 1965 àwọn èèyàn kú ní Tamil Nadu lápá gúúsù nítorí pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n fi Hindi jọba lé wọn lórí, lọ́dún 2025 náà ìjọba Maharashtra fẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi àná yẹn máa kọ́ Hindi láti kíláàsì kìíní, ariwo ta, nígbà tó fi máa di òpin oṣù kẹfà ìjọba ti kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́lọ̀ máa fẹ́ràn Hindi. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, *kal*, òun náà ni wọ́n ń pe àná, òun náà ni wọ́n ń pe ọ̀la. Kọ́sítọ́mà bá béèrè pé ìgbà wo ni aṣọ òun máa jáde, ẹ ṣáà ti sọ pé *kal*.

*Ọmọ mi, mo gbọ́ lórí rédíò pé Íńdíà fẹ́ ka ọ̀rọ̀ káàsì mọ́ ìkànìyàn wọn. Mo rò pé wọ́n ti fòfin de nǹkan yẹn tipẹ́. Kí ni wọ́n wá fẹ́ kà? — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta*

Bàbá, ẹ kúulé. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, káàsì ni ipò tí wọ́n ń bí èèyàn sí níbẹ̀, tó ń sọ ẹni tó ga àti ẹni tó rẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù kan fún yín.

Màmá tó ni ilé tí mo gbé, Aji là ń pè é, ìyá àgbà nìyẹn ní Marathi, èèyàn dáadáa ni, ara mi ò lè gbóná kó má gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀ wá kanlẹ̀kùn mi. Obìnrin kan máa ń wá láràárọ̀, á gbá àtẹ̀gùn, á fọ ilé ìyàgbẹ́, tó bá ti ṣe tán Aji á bu tíì fún un, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á mu ún. Lójú tèmi oore nìyẹn. Ó wá dọjọ́ kan òùngbẹ ń gbẹ mí, mo rí kọ́ọ̀pù onírin kan lẹ́yìn ìkòkò òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo nawọ́ mú un pé kí n fi bu omi, Aji figbe ta bíi pé orí ejò ni mo dì mú. Kọ́ọ̀pù obìnrin yẹn ni. Òun nìkan ló ń lò ó, òun fúnra ẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń dá a padà sẹ́yìn ìkòkò òdòdó, ẹnì kankan nínú ilé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tíì kan náà o, ìkòkò kan náà, ṣúgà kan náà. Ọdún 2015 nìyẹn.

Òótọ́ lẹ sọ, òfin wà. Láti ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1950 tí ìwé òfin wọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, abala kẹtàdínlógún ẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹni tí a kì í fara kàn mọ́, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tí káàsì fi sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin yẹn, B. R. Ambedkar, inú àwọn tí a kì í fara kàn yẹn gan-an ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó wà nílé ìwé, orí àpò tó ń gbé láti ilé wá ló ń jókòó sí, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi, òṣìṣẹ́ ilé ìwé kan ló máa ń bá a ṣí i, ọjọ́ tí ẹni yẹn ò bá wá síṣẹ́, òùngbẹ ló máa gbé délé. Ó dàgbà ó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní New York, ó tún gba òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1927 ló kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ sídìí adágún omi ìlú kan tó ń jẹ́ Mahad, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi, ó mu ún. Ohun tó fa ìjà lọ́jọ́ yẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi tí màlúù ń mu lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1956 ló fi ẹ̀sìn Hindu sílẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀sìn Búdà pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ní Nagpur, kò sì lo oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ tó fi kú. Ère ẹ̀ kún gbogbo àdúgbò, kóòtù búlúù, ìwé lọ́wọ́, tó ń na ìka síwájú.

Bó ṣe wá kù síbẹ̀, inú orúkọ ló sá pamọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹnìkan fún ìgbà àkọ́kọ́, á bi yín lórúkọ, ẹ dá a lóhùn, á rẹ́rìn-ín, á wá ní "orúkọ bàbá rẹ ńkọ́?" Orúkọ ìdílé yẹn ló máa fi mọ ibi tó máa gbé yín kà. Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá, mi ò kọ́kọ́ rí aburú níbẹ̀, àwa náà ń béèrè ọmọ ta ni ọ́, agboolé wo lo ti wá, inú wa sì máa ń dùn kí wọ́n béèrè torí oríkì ti wà lẹ́nu. Àyàn nílé onílù, Ọ̀jẹ̀ nílé eléégún, Ọdẹ́ nílé ọlọ́dẹ, orúkọ tiwa náà ń sọ iṣẹ́ tí baba ńlá ẹni ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ Àyàn á fẹ́ ọmọ Ọ̀jẹ̀, wọ́n á jọ jẹun nínú abọ́ kan, kò sí kọ́ọ̀pù ẹnì kankan lẹ́yìn ìkòkò òdòdó. Ọ̀dọ̀ tiwọn, mo rí ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè yẹn, òógùn á bò ó nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Kumar ló ń kọ mọ́ orúkọ ẹ̀, Kumar yẹn ò sọ nǹkan kan, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi sá sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ará Tamil Nadu tiẹ̀ ti já orúkọ káàsì jù nù láti bí àwọn ọdún 1920, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ bàbá wọn ni wọ́n ń lò.

Ìkànìyàn tẹ́ ẹ wá béèrè. Ọdún 1931 ni wọ́n ka gbogbo káàsì délẹ̀ kẹ́yìn, lábẹ́ òyìnbó. Látìgbà tí wọ́n ti gbòmìnira, kìkì àwọn tí a kì í fara kàn tẹ́lẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà inú igbó àti orí òkè ni wọ́n ń kà sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ń pín àyè iṣẹ́ àti àyè yunifásítì lórí káàsì, 15 nínú 100 fún àwọn àkọ́kọ́ yẹn, 7.5 fún àwọn ẹ̀yà, 27 fún àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn-ló-wà (ìtumọ̀ tèmi ni o), láti 2019 wọ́n tún fi 10 kún un fún tálákà tí kò sí nínú àwọn yòókù. Ibo ni wọ́n ti mọ iye àwọn ẹ̀yìn-ló-wà yẹn? Ìwé 1931 ni ìgbìmọ̀ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Mandal gbé kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣírò ẹ̀ ní 1980. Ẹni tó bá gbọ́ pé a ò tíì ka ara wa níbí láti 2006, á mọ ìdí tí wọ́n fi ń jà. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba wọn gbà pé àwọn máa kà á, 2027 ni wọ́n dá fún un.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ ń bínú, wọ́n ní kíkà ló ń jẹ́ kí káàsì gbérí, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Mo gbọ́ wọn. Àmọ́ mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń sọ pé àwọn ò tiẹ̀ mọ káàsì àwọn àfìgbà táwọn dé yunifásítì, ọmọ ilé tí wọ́n ti ń bu tíì ni wọ́n. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ obìnrin tó ń fọ kọ́ọ̀pù ẹ̀ lọ́tọ̀. Kí wọ́n kà á jàre.

*Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ àkàrà ní Íńdíà? — Ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Lọ́ńdọ̀nù*

Lóòótọ́. Vada lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà dúdú wẹẹrẹ kan mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó kó fúyẹ́, wọ́n á din ín nínú òróró, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń dá ihò sáàárín ẹ̀, wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ àgbọn lílọ̀ jẹ ẹ́. Ilá náà pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ wọ́n ń din ín títí kò fi ní yọ̀ mọ́, ìyẹn sì dùn mí. Máńgòrò ńkọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni èso àti orúkọ ẹ̀ ti wá, ẹnu àwọn ará Kerala ni Potogí ti gbọ́ ọ gbé káàkiri ayé. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ń ná náà, inú òkun Maldives níbi ìsàlẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń kó o.

*Àǹtí, wọ́n ní Modi ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ náírà tuntun. Ṣé wọ́n jìyà bíi tiwa? — Oní-POS kan, Ìlọrin*

Mo wà níbẹ̀! Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2016, aago mẹ́jọ alẹ́, mo ń dín ẹyin, Modi tó ń ṣe olórí ìjọba wọn bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní tí agogo méjìlá òru bá ti lù, owó 500 àti 1,000 rúpì ti di bébà. Owó yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 86 nínú 100 gbogbo owó tó wà níta. Àwa tiẹ̀ gbọ́ ti náírà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, wákàtí mẹ́rin ni tiwọn. Mo tò fún wákàtí mẹ́fà láti gba 2,000 rúpì, ẹyọ bébà kan ṣoṣo, nígbà tí mo wá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, kò ní ṣéńjì, ó ní kí n máa gbé ẹ̀fọ́ lọ kí n padà wá sanwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ obìnrin yẹn ní gbèsè.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi mú àwọn tó kó owó jíjí pamọ́ ni. Nígbà tí báǹkì àpapọ̀ wọn wá ṣírò tán ní 2018, 99.3 nínú 100 owó náà ló padà wá sí báǹkì, olè kankan ò sun owó. Ohun tó dáa tó bá a dé ni UPI, fífi fóònù sanwó, ọdún 2016 yẹn náà ni wọ́n gbé e jáde. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹlẹ́fọ̀ọ́ mi ti lẹ àmì QR tí wọ́n ń fi fóònù yà láti sanwó mọ́ ara ìwọ̀n ẹ̀, ẹ ò rí oní-POS kankan mọ́. Ẹ máa bínú sí mi o.

*Àǹtí, ọmọ mi ọkùnrin ti gba admíṣọ̀n sí Pune. Wọ́n ń bà mí lẹ́rù pé wọ́n kórìíra èèyàn dúdú. — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìkòròdú*

Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, èrò ya bo àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Greater Noida nítòsí Delhi, wọ́n lù wọ́n bí ẹni lu bàrà, nítorí ẹ̀sùn tí ẹnì kankan ò fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Pune rọrùn ju ibẹ̀ lọ, èmi ò rí irú ẹ̀, àmọ́ bọ́ọ̀sì á kún dẹ́nu, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi á ṣófo. Àwọ̀ ń dùn wọ́n láàárín ara wọn pàápàá, ẹ ka ìpolówó ìyàwó nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday wọn, káàsì, gíga, kó sì pupa. Ìpara abóra Fair & Lovely, ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ ẹ̀ padà.

Tí wọ́n bá wá yọ ọmọ yín lẹ́nu, kó bi wọ́n pé ta ni Malik Ambar. Ará Ethiopia ni, wọ́n tà á lẹ́rú títí dé ìhà ibẹ̀, ó sì di ẹni tó ń ṣàkóso ìjọba Ahmadnagar, kò jìnnà sí Pune rárá. Jahangir, ọba ńlá tó ń ṣàkóso àríwá Íńdíà nígbà yẹn, bá a jà títí kò rí i mú, ló bá ní kí wọ́n ya àwòrán òun níbi tóun ti ń ta orí Ambar lọ́fà. Inú àwòrán nìkan ló ti rí i pa, Ambar fúnra ẹ̀ dàgbà dáadáa kó tó kú ní 1626. Àwọn ọmọ Áfíríkà bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní, Siddi ni wọ́n ń pè wọ́n, ní Gujarat àti Karnataka, Íńdíà pọ́ńbélé ni wọ́n.

Ní ti ètò, kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní FRRO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, láàárín ọjọ́ 14 tó bá dé, kó má ṣe gbàgbéra. Lándìlọ́ọ̀dù mìíràn á ní òun ò gba ẹni tó ń jẹ ẹran, kó má wulẹ̀ bá wọn jiyàn, kó wá ilé síwájú. Gàrí, ẹ dì í fún un dáadáa. Ata gbígbẹ, kò pọndandan, tiwọn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di èlùbọ́ sínú ọ̀rá láìlẹ orúkọ mọ́ ọn. Bí mo ṣe gúnlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, wákàtí méjì ni mo fi ń ṣàlàyé fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé iṣu ni, mo tiẹ̀ ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá kí n rò ó lójú wọn.